Ẹnìkan, Ègé Kan

Ọjọ́ tí Jẹ́ẹ́dé fọ ẹ̀wù Iléyá rẹ̀ àtijọ́, tó sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé, Débọ́lá nìkan ló mọ ìdí tó fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀wù náà ti lé lógún ọdún. Kò gba Jẹ́ẹ́dé lápá mọ́, kò sì sí ọdún kankan tó ń bọ̀ nítòsí. Ó fọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń retí kí ìyàwó ilé wá béèrè rẹ̀. Ìyàwó ilé kò sì ní béèrè rẹ̀ láéláé, nítorí pé Débọ́lá ọkọ rẹ̀ ti parọ́ fún un.

Ọdún kòrónà ni. Ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti ilé ìwé pa, ilé ìwé aládàáni tí Débọ́lá ti ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn sì ní kí àwọn olùkọ́ lọ jókòó sílé ná. Nígbà tí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, òun àti Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, wọ́n gbé Ìyanuolúwa ọmọ wọn, wọ́n gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí abà bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Ìwéré-Ilé. Bàbá ti kú kí Débọ́lá tó gbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, òun àti Jẹ́ẹ́dé.

Télọ̀ ni Ọmọ́wùmí. Ohun méjì ló ní òun kò ní fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn: maṣíìnì ọlọ́wọ́ rẹ̀, àti àpò ńlá kan tó kún fún ìrépé, àwọn àjákù aṣọ oníbàárà tó ti ń kó jọ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́.

"Kí la fẹ́ fi àjákù ṣe lóko?" Débọ́lá bi í.

"Aṣọ tó ń bọ́ mi ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀ kí eku máa fi bímọ."

Ìbòmú ló kọ́kọ́ fi wọ́n rán. Gbogbo abà dè é mọ́ imú fún ìgbà díẹ̀, títí Jẹ́ẹ́dé fi sọ pé òun kò lè fi aṣọ dí imú kọ ebè, pé bí kòrónà bá fẹ́ wá bá òun nínú oko, kó yáa mú ọkọ́ tirẹ̀ dání. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò mú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀dàn ń gba abẹ́ páànù wọlé, Ìyanuolúwa ń wúkọ́, Ọmọ́wùmí sì pinnu pé òun yóò rán aṣọ ìbora ńlá kan fún ilé náà. Kì í ṣe èyí tí a kàn fi ìrépé lẹ̀ bákan ṣá. Ó fẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ ilé mú ègé kan wá lára aṣọ tó ti wọ̀ rí. Ti Bàbá yóò wà láàárín, ti àwọn yòókù yóò yí i ká, ìrépé Ìbàdàn yóò wá dí gbogbo etí rẹ̀.

"Ẹnìkan, ègé kan," ó kéde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Kò sí ojúsàájú. Màámi, ẹ má torí pé ẹ̀yin lẹ bí ọkọ mi kí ẹ wá kó ìró méjì wá o."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Bí mo bá kó mẹ́ta wá ńkọ́? Ṣé wàá gbé mi lọ sí kóòtù Ìwéré ni?"

Ìyá ṣí àpótí, ó mú ọwọ́ agbádá ẹtù kan jáde, òfì dúdú tí Bàbá máa ń wọ̀ lọ sí yídì. Ó mú ìró tirẹ̀ náà. Àdùkẹ́, àbúrò Débọ́lá tó wà nílé ọkọ ní Kíṣí, fi tirẹ̀ rán ọlọ́kadà. Ọmọ́wùmí gé tirẹ̀, ti Ìyanuolúwa sì jẹ́ ẹ̀wù ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ti Débọ́lá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ìwé gíga.

Jẹ́ẹ́dé ń wò. Ó ṣàkíyèsí pé láàárín àwọn ọmọ Bàbá, láti orí àbúrò ni wọ́n ti ń gbà á bọ̀, ó sì rò pé ìyàwó fi àgbà sí ẹ̀yìn nítorí ọ̀wọ̀ ni. Àgbà kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé aṣọ lé ìyàwó lọ́wọ́. Ó fọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sá a, ó ń dúró.

Àkọ́bí Bàbá ni Jẹ́ẹ́dé. Ìyá tó bí i kú nígbà tó ṣì ń rá pálá, ìyá Débọ́lá ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Jẹ́ẹ́dé fi ìwé sílẹ̀, ó gbé ọkọ́. Ó fẹ́yàwó, ìyàwó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ. Kò sí ohun kan nínú ayé rẹ̀ tó yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú.

Irọ́ náà kò tóbi nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Débọ́lá. Ọdún tí òun àti Ọmọ́wùmí ń fẹ́ra ni. Wọ́n jókòó nílé àwọn òbí Ọmọ́wùmí, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọmọ́wùmí ń wo àwòrán inú fóònù Débọ́lá, ó sì kan èyí tí Jẹ́ẹ́dé ti dúró níwájú òkìtì iṣu, láìwọ bàtà, okùn ló fi so ṣòkòtò mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín tòun ti àlàfo eyín iwájú rẹ̀.

"Ta nìyí?"

Débọ́lá wo bàtà ọkùnrin báńkì yẹn. "Ẹni tó ń bá wa mójú tó oko ni."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn náà tí kì í ṣe òótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi burú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù díẹ̀, ó sọ fún Jẹ́ẹ́dé pé màálù ń da oko láàmú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ohun ọ̀gbìn. Jẹ́ẹ́dé gbà, kò sì lọ síbi ìgbéyàwó náà. Iṣu tí wọ́n tò síwájú àwọn àna, nínú òkìtì Jẹ́ẹ́dé ni wọ́n ti kó o. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa èyí tó tọ́ tó sì gùn, tó nu iyẹ̀pẹ̀ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú ti àbúrò òun lójú àna.

Báyìí, wọ́n ń gbé pa pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, irọ́ náà kò sì tú. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún Débọ́lá, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọmọ́wùmí ń pe Jẹ́ẹ́dé ní "Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé," ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó ń bu ẹran tó dára sínú àwo rẹ̀. Lójú ara rẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ ju bí àwọn ará ìgboro ṣe ń ṣe lọ. Lójú Ìyá, ìwà àìmọ̀kan ni, nítorí pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bí Ìyá bá sì pe Jẹ́ẹ́dé ní "ọmọ mi," kò ya Ọmọ́wùmí lẹ́nu. Ta ni ìyá arúgbó kì í pè ní ọmọ?

"Ìyàwó rẹ a máa pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gàràgà," Ìyá sọ lọ́jọ́ kan. "Àwọn ará ilé rẹ̀ kò kọ́ ọ ni?"

"Ọmọ ìgboro ni, Màámi. Ẹ má dá a lóhùn."

Débọ́lá nìkan ló dúró lójú ọ̀nà méjèèjì. Ó ń gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ, ó ń gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn ń rò, ó sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n má bára wọn sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ẹ̀wù náà ṣì wà lórí okùn. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, àwòrán abẹ̀bẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà ayé Bàbá, bí Iléyá bá ku díẹ̀, ìgàn aṣọ kan ṣoṣo ni í rà fún gbogbo ọmọ rẹ̀, kí ará àdúgbò lè mọ agbo wọn lójú yídì. Débọ́lá náà ní irú ẹ̀wù yìí nígbà kan. Ó ti fi nu kẹ̀kẹ́ títí ó fi gbó. Ó dúró wo ti Jẹ́ẹ́dé, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ apá rẹ̀ síwá-sẹ́yìn bí ẹni tó ń juwọ́ sí èèyàn, ó sì rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ.

Ó ká a lórí okùn, ó mú un lọ bá Ọmọ́wùmí.

"Mú èyí dípò tèmi. Aṣọ Iléyá mi ni, kí n tó di onígbàgbọ́."

Ọmọ́wùmí nà án wò. "Ẹ̀wù ọmọdé rèé? Ó fẹ̀ o."

"Wọ́n máa ń rán an kó fẹ̀, ká lè dàgbà bá a."

"Òótọ́ ni. Àwọn télọ̀ abúlé gbọ́n." Ó tú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kúrò, ó fi ègé aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, gẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù Bàbá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun di àkísà tó fi ń nu epo maṣíìnì.

Débọ́lá sùn dáadáa lóru yẹn. Jẹ́ẹ́dé yóò rí aṣọ rẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn. Ọmọ́wùmí kò ní mọ nǹkan kan. Bí olè bá dá nǹkan tó jí padà sẹ́nu ọ̀nà lóru, ó lè máa pe ara rẹ̀ ní ẹni rere.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Jẹ́ẹ́dé ti oko dé. Ọmọ́wùmí ti tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní ní gbọ̀ngàn, ó ń fọwọ́ rán abẹ́ rẹ̀ mọ́ ògbólógbòó ìró tó fi ṣe ìtẹ́lẹ̀. Débọ́lá wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Jẹ́ẹ́dé nu ọwọ́ mọ́ itan, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ègé aláwọ̀ ewé náà.

"Ìyàwó wa, o ṣeun o. Mo rí ẹ̀wù mi. O tilẹ̀ fi mí ti Bàbá."

Ọmọ́wùmí gbójú sókè. "Ẹ̀wù yín kẹ̀? Rárá o, Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé. Ti Dádì Ìyanu ni. Aṣọ Iléyá rẹ̀ ni."

Jẹ́ẹ́dé wo aṣọ náà. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí iná ti jó díẹ̀, tí Ìyá fi òwú dúdú lẹ̀. Ó wo òwú dúdú náà. Lẹ́yìn náà ló wo Débọ́lá. Kò pẹ́, kò sì le. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wo ojú ọ̀run láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀, tó sì ti mọ̀.

"Háà," ó wí. "Mo ṣì í mọ̀ ni. Aṣọ a máa jọra. Oòrùn oko ló wà lójú mi."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ náà bí ẹni tó gbé e kúrò lára ìkòkò gbígbóná, ó jáde. Ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú Débọ́lá, kò rí ọ̀rọ̀ kan kà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Débọ́lá rò pé ìbínú ni yóò tẹ̀ lé e, ohun mìíràn ni Jẹ́ẹ́dé ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran irọ́ náà lọ́wọ́. Kì í wọ gbọ̀ngàn mọ́ láìkanlẹ̀kùn. Ó yí "ìyàwó wa" padà sí "màdáàmù." Bí oúnjẹ bá jinná, yóò gbé àwo tirẹ̀ lọ sórí ìtì igi níta.

"Jẹ́ẹ́dé, kí ló gbé ọ síta?" Ìyá ké sí i.

"Ooru ni, Ìyá."

Òjò winniwinni ń pa á lórí bó ṣe ń sọ ọ́.

Débọ́lá kò lè jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó lọ bá a níbi tó ti ń pọ́n ọkọ́ lẹ́bàá òkìtì iṣu. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ dá ọ̀ràn rò níwájú adájọ́. Jẹ́ẹ́dé kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé mo ń ṣe é dáadáa?" ó bi í.

"Kí ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Iṣẹ́ tí o gbà mí sí."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ìbá ṣe pé ẹ̀gàn wà níbẹ̀, Débọ́lá ìbá rí nǹkan dì mú. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń gbọ́ ìró òkúta lára irin, ó sì padà sílé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ nílé ìwé, ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ohun tó dá wọn lójú. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "ẹ̀gbọ́n mi ni," kò lè pè é já.

Ó kù díẹ̀ kí Iléyá dé ni Àyìnkẹ́, àbúrò Bàbá, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Òtu, gun ọ̀kadà wá kí wọn. Ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n, obì wà lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ́wùmí tẹ́ ẹ fún un kó rí i, tayọ̀tayọ̀.

Ìyá arúgbó náà kúnlẹ̀ ti aṣọ, ó fọwọ́ pa àárín rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ẹtù Bàbá Jẹ́ẹ́dé rèé. Áà, Bàbá Jẹ́ẹ́dé! O lọ, o fi aṣọ sílẹ̀."

"Bàbá ta ni, Ìyá?"

"Bàbá Jẹ́ẹ́dé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ni ilé yìí." Ìyá Òtu wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Àbí kí lẹ ń pe ẹni tó bí Jẹ́ẹ́dé n'Ìbàdàn? Ṣé Bàbá Débọ́lá ni? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di bàbá?"

Níta, lórí ìtì igi, Jẹ́ẹ́dé dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyá wo Ọmọ́wùmí, ó wo Débọ́lá, ó jọ pé òye ohun púpọ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ìdí lé àpótí ìjókòó jẹ́jẹ́.

Ọmọ́wùmí wo Débọ́lá bí télọ̀ ti í wo aṣọ olówó ńlá tí ẹlòmíràn ti gé bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jáde, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Jẹ́ẹ́dé.

"Ẹ dákun, ọkọ mi. Mo ti ń pè yín lórúkọ. Mo ti ń bu oúnjẹ fún yín bí àlejò nínú ilé yín."

"Dìde, ilẹ̀ tutù. Ta lo fẹ́ kó bá ọ fọ ìró yẹn?"

"Mi ò dìde. Mo fẹ́ fún yín lórúkọ ná."

Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín díẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀ hàn. "Ó dáa. Kí lorúkọ mi?"

"Àkọ́dé."

"Àkọ́dé," Jẹ́ẹ́dé tún un pè, ó ń tọ́ ọ wò. "Ó dùn lẹ́nu. Dìde, ìyàwó wa."

Débọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé àyè tirẹ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ẹrẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá," ó sì tẹ iwájú orí mọ́lẹ̀. Jẹ́ẹ́dé wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí, ó ní, "Mo gbọ́," ó sì padà sí oúnjẹ rẹ̀.

Lálẹ́, Ọmọ́wùmí fa aṣọ náà sórí itan láti parí rẹ̀. Ègé aláwọ̀ ewé wà níbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kò tú u. Ó ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Débọ́lá kà á yí ká: Bàbá, Ìyá, Jẹ́ẹ́dé, Àdùkẹ́, Ọmọ́wùmí, Ìyanuolúwa. Ó mọ òfin náà: ẹnìkan, ègé kan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti kún fún epo dúdú.

Ìyanuolúwa ló béèrè. "Mọ́mì, èwo ni ti Dádì?"

"Dádì rẹ?" Ọmọ́wùmí gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ẹni tó ń bá wa mójú tó ìwé ni."

Ìyá Òtu bú sẹ́rìn-ín, Ìyá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó," Jẹ́ẹ́dé wí láti igun ibi tó jókòó sí, inú ilé ló wà báyìí, "ó tó."

Bó ṣe gbèjà rẹ̀ yìí dùn ún ju ẹ̀rín náà lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Débọ́lá mú ọkọ́ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò Jẹ́ẹ́dé kan, ó fi okùn so ó, ó tẹ̀ lé e lọ sóko. Kò sẹ́ni tó pè é. Jẹ́ẹ́dé kò lé e padà. Wọ́n ń ro koríko láàárín ebè iṣu, oòrùn gòkè, àtẹ́lẹwọ́ Débọ́lá bó, kò sì dá ọkọ́ dúró.

Nígbà tó yá, ọ̀kadà kan dúró lójú ọ̀nà oko. Ládòkun ni, ọkùnrin tó máa ń ra iṣu lọ́wọ́ Jẹ́ẹ́dé lọ sọ́jà Ìwéré-Ilé.

"Jẹ́ẹ́dé! O ti di ọ̀gá, o ti gba alágbàṣe! Ta nìyí?"

Débọ́lá tẹ orí ba. Ó mọ ìbéèrè náà. Ó mọ ìdáhùn tó tọ́ sí i, ó tilẹ̀ fẹ́ kó dé kíákíá, kí gbèsè náà tán lọ́rùn òun. Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn wà ní ìbàdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ya àwòrán rẹ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí kò ní gba ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ gbọ́.

Jẹ́ẹ́dé fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó nu ojú.

"Àbúrò mi ni," ó wí. "Débọ́lá. Ọmọ bàbá mi."

"Èyí tó ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn? O purọ́!"

"Òun náà ni. Wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gé ìtàkùn iṣu mi lulẹ̀ láti àárọ̀, mi ò tíì rí iṣu kan tí kò bá jà."

Ládòkun rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ọ̀kadà. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ó yẹ kí Débọ́lá dáhùn. Ó yẹ kó gbójú sókè, kó kí àgbàlagbà bó ti yẹ. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún gbé e sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ilẹ̀, títí ìró ọ̀kadà náà fi jìnnà.

"Ọ̀tún ìtàkùn ni kó o ti máa wọlé," Jẹ́ẹ́dé sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Rọra."